Ògiri Kan Péré: Àríyànjiyàn Lórí Pápá Aláìṣègbè Nínú Ìdíje Rọ́gíbì

Ní Cardiff, olú-ìlú Wales, pápá rọ́gíbì méjì ló fẹ̀yìn ti ara wọn. Ọ̀kan ni Cardiff Arms Park, níbi tí ẹgbẹ́ Cardiff Blues ti máa ń gbàlejò nígbà náà. Èkejì ni Millennium Stadium, bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà, pápá ńlá tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè Wales ń lò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2009, Cardiff Blues pàdé Leicester ti England ní ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú Heineken Cup, ìyẹn ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Ìlànà ìdíje náà nígbà yẹn ni pé pápá aláìṣègbè ni kí wọ́n lò ní ìpele yìí. Bí wọ́n ṣe gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà fo ògiri sí Millennium Stadium nìyẹn. Nínú ìwé, Cardiff ti kúrò nílé. Ní ti ẹsẹ̀, wọn kò kúrò níbì kankan. Leicester nìkan ló rìnrìn àjò.

Ògiri yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi wà. Ẹ̀sùn tí mo ní sí pápá aláìṣègbè kì í ṣe pé ó máa ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹgbẹ́ tó bá ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba àǹfààní ilé, ó tọ́ kó jẹ ẹ́. Ẹ̀sùn mi ni pé a ń fún un ní àǹfààní náà tán, a sì tún ń sọ pé a kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ti ra gààrí lọ́jà wa mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kóńgò ṣì ni wọ́n ń pè é, gààrí sì kún un dẹ́nu. Ìgbà tí èèyàn bá délé ló máa ń mọ̀ pé ohun tí òun rà kò tó.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ pápá fi wúwo báyìí nínú rọ́gíbì? Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, àwọn ẹgbẹ́ Champions League máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ títí yóò fi ku àṣekágbá: o gbà mí lálejò lọ́sẹ̀ yìí, mo gbà ọ́ lálejò nígbà tó bá tún yá. Rọ́gíbì kò gba irú ìyẹn. Ara èèyàn ni wọ́n fi ń kọlu ara èèyàn fún ìṣẹ́jú 80, ẹni tó bá sì ṣe é lónìí, ó di ọjọ́ mélòó kan kí egungun rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pàdé, nítorí náà ibi tí wọ́n ti pàdé ló ru gbogbo ẹrù tí pápá méjì ì bá pín rù. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù sáàárín òpó mọ bí atẹ́gùn ṣe máa ń yí ní igun pápá tó ń lò lójoojúmọ́. Àlejò yóò kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Onílé sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀, àlejò sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àriwo àwọn èrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, rẹfirí sì ní etí bíi tiwa.

Ìdíje Yúróòpù yìí kò fi pápá aláìṣègbè bẹ̀rẹ̀. Ní 1997, Leicester gba Toulouse ti Faransé lálejò ní Welford Road ní ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin, ó nà án 37 sí 11, kò sì sẹ́ni tó pe Welford Road ní orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí ilé Leicester. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, nǹkan ti yí padà. Toulouse pàdé Munster ti Ireland ní Bordeaux. Northampton pàdé Llanelli ti Wales ní Reading. Ní 2002, Castres pàdé Munster ní Béziers, Leicester sì pàdé Llanelli ní Nottingham. Láti Leicester dé Nottingham kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ, bí ìdajì ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀. Llanelli ní tirẹ̀ ti etíkun gúúsù Wales wá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí sí 13 sí 12. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, Tim Stimpson ti Leicester ta pẹnáritì kan láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà ba òpó ìdábùú, ó ba òpó òòró, ó sì bọ́ sí òdì kejì. N kò sọ pé kò ní wọlé bó bá jẹ́ Llanelli ni wọ́n ti ta á. Ohun tí mo ń sọ ni pé àmì kan ṣoṣo ló pín wọn níyà, ọ̀nà tí ẹgbẹ́ méjèèjì sì rìn débẹ̀ kò dọ́gba rárá, síbẹ̀ orúkọ tí pápá náà ń jẹ́ ní kí a gbà pé ó dọ́gba.

Leinster ti Dublin ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù lọ. RDS ni pápá wọn tipẹ́. Aviva Stadium, pápá ikọ̀ orílẹ̀-èdè Ireland, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ṣeé rìn. Ní 2018, 2019, 2022, 2023, 2024 àti 2025, Leinster dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà sì ni wọ́n gbá a ní Dublin: márùn-ún ní Aviva, ọ̀kan ní Croke Park. Wọ́n borí nínú márùn-ún. Toulouse nìkan wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi 30 sí 12, 40 sí 17 àti 41 sí 22 dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kan tí Leinster jáde nílé ní ìpele yìí láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ní 2021 nígbà àrùn Kòrónà, La Rochelle ti Faransé nà wọ́n 32 sí 23. Nígbà tó sì kan Toulouse ní 2024, pápá ńlá tó wà nínú ìlú Toulouse gan-an ni Harlequins ti England ti bá wọn.

Gbólóhùn tí a ń gbọ́ fún ètò yìí ni “àǹfààní orílẹ̀-èdè”. Wọn kì í pè é ní àǹfààní ilé. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tó wà ní ipò tó ga jù kò ní gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbá a lórí ilẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, kì í sì í ṣe ìdí burúkú. Ìpele yìí ń fẹ́ pápá tó gba èrò púpọ̀. Ní 2009, èèyàn 82,208 ló wo Munster àti Leinster ní Croke Park. Ní 2024, nígbà tí Leinster pàdé Northampton, 82,300 ló wà níbẹ̀. RDS kò lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin wọn nígbà náà. Owó tó ń wọlé látinú irú èrò bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ìdíje dúró, inú mi sì dùn láti rí rọ́gíbì tó kún pápá. Àmọ́ ìdí tí a fi ń lo pápá ńlá kò sọ pápá náà di aláìṣègbè. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni. A fi aṣọ òdodo wọ̀ ọ́ ni.

Àwọn tó ń gbèjà ètò náà yóò ní kí n wo àbájáde. Cardiff tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò borí: 26 sí 26 ni wọ́n parí sí, àfikún àkókò kò yanjú rẹ̀, Leicester sì fi 7 sí 6 borí nígbà tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù sáàárín òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Toulouse pàdánù ní Bordeaux ní 2000. Leicester lọ bá Stade Français ní Parc des Princes, ní Paris tí í ṣe ìlú wọn, ó sì gba ife ẹ̀yẹ 2001 pẹ̀lú 34 sí 30. Ní àṣekágbá 2023 ní Aviva, Leinster ti fi 17 sí 0 ṣáájú, síbẹ̀ La Rochelle fi 27 sí 26 borí lábẹ́ Ronan O'Gara, ọmọ Cork tó ti fi aṣọ Ireland gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá yẹn fúnra rẹ̀. (Ìyẹn nìkan fi hàn pé ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú tí ẹgbẹ́ ti wá lásán.) Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbájáde la fi ń mọ ìdájọ́ tó tọ́. Bí adájọ́ bá jẹ́ àna ẹlẹ́jọ́, tí ẹlẹ́jọ́ náà sì tún jẹ̀bi, ìyẹn kò sọ pé adájọ́ náà ló yẹ kó jókòó níbẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ètò tó tọ́ jù lọ, ó yani lẹ́nu, ìdíje tí wọ́n pín fún orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti gbà lálejò ni. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1991, England, Scotland, Wales, Ireland àti Faransé ló jọ gbàlejò. Nítorí bí wọ́n ṣe to ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, England lọ bá Faransé ní Paris, ó borí 19 sí 10. Ó lọ bá Scotland ní Murrayfield, ó borí 9 sí 6 lẹ́yìn tí Gavin Hastings ti kùnà láti ta pẹnáritì kan wọlé ní iwájú òpó gan-an. Lẹ́yìn ilé onílé méjì yẹn ló tó padà sí Twickenham, ilé ara rẹ̀, Australia sì nà án níbẹ̀, 12 sí 6. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n gbè sẹ́yìn England. Kò sì sẹ́ni tó nílò láti pe Murrayfield ní ohun tí kì í ṣe.

Ti 2007 tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé ló gba àlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ṣùgbọ́n wọ́n fún Wales àti Scotland ní àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ẹni tó bá ṣe ipò kejì nínú ìsọ̀rí Faransé yóò lọ gbá ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní Cardiff. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ní alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an, Argentina nà wọ́n 17 sí 12 ní Stade de France, wọ́n sì parí ìsọ̀rí náà sí ipò kejì. Bí onílé ṣe di àrìnrìn-àjò nìyẹn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, Faransé pàdé New Zealand ní Cardiff, nígbà tí Argentina tó gba ipò wọn gba Scotland lálejò ní Stade de France ní ọjọ́ kejì. Faransé borí 20 sí 18. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé òfin ti wà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ó sì mú ẹni tó ni ilé gan-an. Wọn kò yí i padà nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dun ọlọ́lá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba àṣekágbá tí wọ́n ti kéde pápá rẹ̀ ṣáájú, bó tilẹ̀ ní ìyà tirẹ̀. Ní 2003, ẹgbẹ́ Faransé méjì, Toulouse àti Perpignan, ní láti sọdá òkun lọ sí Lansdowne Road ní Dublin. Èèyàn 28,600 péré ló wà níbẹ̀. Bilbao ní 2018 sàn jù, nítorí pé Leinster àti Racing 92 jọ di àlejò ní Sípéènì. Bí orí bá wá gbé àṣekágbá bọ́ sílùú ẹnìkan, bíi ti Leinster ní 2023, kàdárà ni, kì í ṣe ojúsàájú.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ìrìn tó dọ́gba ló parí ọ̀rọ̀. Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 2022, tó tún jẹ́ ọ̀nà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2023, Marseille àti Aix-en-Provence ní Faransé ni wọ́n ti gbá a. Namibia nà Kenya 36 sí 0 nínú àṣekágbá. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó rí àǹfààní ilé, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ọmọdé Windhoek tàbí Nairobi tó ń fẹ́ wo àwọn akọni rẹ̀ kò lè débẹ̀. Ó dùn mí. Ìdọ́gba tí a fi dù gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kò yẹ ká máa fi yangàn.

Gúúsù ayé ti ń sọ òótọ́ ju Yúróòpù lọ. Nínú Super Rugby, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa jù ló ń gba àṣekágbá sílé. Ní 2010, ẹgbẹ́ Bulls ti Pretoria kò lè lo Loftus Versfeld nítorí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n bá gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn lọ sí Orlando Stadium ní Soweto. Àwọn alátìlẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì tẹ ilẹ̀ Soweto rí wọ aṣọ búlúù dé ibẹ̀. Bulls nà Stormers 25 sí 17. Pápá náà kì í ṣe tiwọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é ní aláìṣègbè. Ilé Bulls ni wọ́n pè é títí ó fi tán.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn alákòóso Yúróòpù kò ju ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yóò pààrọ̀ nínú òfin wọn: kí ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin fi “ilé” rọ́pò “orílẹ̀-èdè”. Bí RDS bá kéré, kí Leinster lo Aviva, kí a sì pè é ní ilé Leinster. Kí àlejò mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tó tọ́ sí i kó tó ra ìwé bàálù. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì fẹ́ sá fún Dublin, kó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ipò tó ga jù lórí tábìlì nìkan ló lè gbà á.

Northampton wá sí Croke Park ní 2024, ó fi àmì mẹ́ta pàdánù, 20 sí 17. Ó tún padà wá sí Dublin ní 2025, ní Aviva, ó sì borí 37 sí 34. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sọdá òkun lọ pàdé ẹgbẹ́ kan náà nílùú kan náà. Ó yẹ kí ìwé ìdíje kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé ilé onílé ni wọ́n ti jà.