Òwú Manchester àti Ìpinnu Àgbẹ̀ Yorùbá
Ní ọdún 1902 ni a dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester, kí àwọn ilé iṣẹ́ aláṣọ Lancashire má baà gbára lé òwú Amẹ́ríkà nìkan. Pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba amúnisìn, ẹgbẹ́ náà pín irúgbìn fún àgbẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ tí ń yọ kóró lára òwú lọ sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n owó òwú kéré. Àwọn ahunṣọ ilé pàápàá ń bá Manchester du òwú náà. Kòkó ni ó lérè jù. Nítorí pé ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé, àgbẹ̀ lè yan ohun tí yóò gbìn, kòkó ni ó sì yàn. Ètò ọ̀gbìn tí kò bá bọ́ ìdílé àgbẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀.