Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀rọ tó ń wo ọpọlọ ọmọ



Màmá àgbà kan sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, kí wọ́n ya fọ́tò orí ọmọ-ọmọ mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà di arọ." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ìtàn yìí.

Yírùnyírùn, tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis, ni kí kòkòrò àrùn wọ awọ tó bo ọpọlọ àti omi tó yí i ká. Láyé àtijọ́, bí ara ọmọ bá gbóná, tí ó ń gan, a ó ní gìrì ni, a ó wá ìtọ̀ màlúù. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti rí i tipẹ́ pé àgbo yẹn a máa mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, gìrì á sì le sí i.

Ní 1891, Heinrich Quincke, dókítà ará Jámánì, fi han ayé bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fa omi yìí nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ibi tí a ń gún wà nísàlẹ̀ ibi tí okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ parí sí. Àrùn náà gan-an ló máa ń sọ ọmọ di adití tàbí arọ. Abẹ́rẹ́ ni a kàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

X-ray dé ní 1895, ṣùgbọ́n eegun ló ń fi hàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n rí ọpọlọ láìla agbárí. Ní 1979, òun àti Allan Cormack, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ní ìbẹ̀rẹ̀ yírùnyírùn, fọ́tò lè mọ́ tónítóní kí àrùn sì wà níbẹ̀. Omi ẹ̀yìn ló ń sọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó bá a mu. Fọ́tò wúlò bí ọmọ bá dákú, bí apá kan ara rẹ̀ bá rọ, tàbí bí ara rẹ̀ kò bá yá: ó ń fi ọyún tó gbá jọ tàbí omi tó kún orí hàn. Nígbà mìíràn dókítà á kọ́kọ́ wò ó kó tó gún ọmọ. Bí fọ́tò yóò bá pẹ́, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ná. Fún ìkókó, a lè fi ultrasound wo ọpọlọ láti orí àwùjẹ̀.

Ní 1996, yírùnyírùn pa ju 11,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, pàápàá lókè Ọya. Ní oṣù kẹrin 2024, orílẹ̀-èdè wa ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ àjẹsára Men5CV lágbàáyé. Ẹ má jẹ́ kí àjẹsára kankan fo àwọn ọmọ wa.

Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ọrùn rẹ̀ le, tí ó ń bì, tí kò mu ọyàn, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró di ọ̀la. Ọrùn ìkókó lè má le rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Wọn á mọ̀ bóyá ó yẹ kó dé Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Bí dókítà bá sì ní òun fẹ́ gba omi ẹ̀yìn, ẹ bi í ní ìbéèrè tó wù yín, kí ẹ sì gbà fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. A ò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ o.