Obì Lójú Ogun

Ní àjà ilé ìdáná bàbá tí ó bí bàbá mi, ní Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn níhìn-ín, ni ẹ̀wù ogun kan wà tí èéfín ti kùn dúdú bí ìdí ìkòkò, tí a rán àdó wẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ láyà àti lẹ́yìn, tí ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ láti gbọn eruku rẹ̀, ohun tí ó jábọ́ láti inú àpò awọ tí ó so mọ́ etí rẹ̀ kì í ṣe egungun ẹranko gẹ́gẹ́ bí àwa ọmọdé ti rò, bí kò ṣe awẹ́ gbànja méjì tí ó ti gbẹ bí igi.

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn jagunjagun ìlú Olúyọ̀lé, ayẹta, òkígbẹ́, ìfúnpá àti oǹdè ni a máa ń yára dárúkọ, nítorí pé ohun àrà ni wọ́n, etí a sì máa fẹ́ gbọ́ ohun àrà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oògùn tí ó bá ọmọ Ìbàdàn lọ sójú ogun, obì nìkan ni ẹni tí kò gba oògùn gbọ́ rárá kò lè jiyàn agbára rẹ̀. Ó korò lẹ́nu, ó ń lé oorun lójú, ó ń pa ebi, ẹsẹ̀ tí ó ti rẹ̀ a sì tún gbé.

Ogun Kírìjì, tí ìjà rẹ̀ ti ń rú láti 1877 tí bùdó rẹ̀ kò sì tú títí di 1893, kì í ṣe ogun tí a lọ lówùúrọ̀ tí a sì bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìbàdàn tẹ̀dó sí ìhà Igbájọ, Èkìtì Parapọ̀ tí Ògèdèǹgbé jẹ́ ọ̀gágun wọn tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí bùdó ní 1885, kò fojú kan ilé mọ́. Samuel Johnson, tí ó ti ṣe kátíkíìstì ní Àrẹ̀mọ yìí kan náà, wà nínú àwọn tí wọ́n ń rìn láàárín bùdó méjèèjì títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, oorun ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ bí alóre bá sùn?

Nígbà tí àwọn baba wa ṣì wà ní bùdó Kírìjì ni Édouard Heckel, onímọ̀ ewé ará Marseille, ń yẹ obì wò nílẹ̀ Faransé, tí ó sì ń rọ àwọn ọ̀gá ogun ibẹ̀ pé kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ ọmọ ogun. Ní 1935 ni àwọn ará Jámánì po obì mọ́ ṣokoléètì tí wọ́n ń pè ní Scho-Ka-Kola, àwọn awakọ̀ òfurufú ogun wọn sì ń jẹ ẹ́. Èyí kò tó wọn. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje ọdún 1940, nígbà tí wọ́n ń já ilẹ̀ Faransé gbà, hóró oògùn Pervitin àti irú rẹ̀ tí wọ́n há fún ọmọ ogun tó nǹkan bí mílíọ̀nù 35; àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń há Benzedrine. Ẹni tí ó bá gbé e mì lè ṣe ọjọ́ méjì láìsùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá lára rẹ̀, a wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò gbà nídìí, ọ̀pọ̀ kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ogun.

Èyí tí ó dùn mí jù sún mọ́ ilé ju Jámánì lọ. Nínú ogun Làìbéríà tí ó bẹ́ ní ìparí 1989, àti ti Sàró ní 1991, wọ́n kó ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, wọ́n fún un ní igbó, wọ́n fún un ní kokéènì tí wọ́n po ẹ̀tù ìbọn mọ́, kí ó má baà mọ ẹni tí ó ń pa. N kò sọ pé àwọn baba wa jẹ́ ẹni mímọ́: ẹrú pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kírìjì, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n oògùn ogun ilẹ̀ wa ní èèwọ̀, ẹni tí ó gbé e kọ́rùn ni ó ń fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ pa èèwọ̀ náà mọ́. Obì sì ń la ojú ẹni ni, kì í gba ojú náà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó jẹ gbànja pa ènìyàn lóru yóò rántí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Bàbá àgbà ṣa awẹ́ méjèèjì nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní bàbá òun wí fún òun pé kì í ṣe nítorí oorun nìkan ni àwọn fi ń jẹ ẹ́ ní bùdó, pé bí gbànja bá ti kúnná lẹ́nu, omi odò tí pátákò ẹṣin ti rú a máa dùn bí omi àmù. Ó dá wọn padà sínú àpò awọ náà, ó fi eyín fa okùn rẹ̀ le, a sì gbé ẹ̀wù padà sí àjà.