Irin kọ́ ló ń lu òkúta: ìtàn bíìtì tó ń gé ihò roboto 🧵

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Ilé-Ifẹ̀, ẹ máa ti rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta gíráńáìtì ni, ó ga tó mítà 5.5, ìṣó irin sì tò sí i lára. Ìtàn Ọ̀rànmíyàn ni gbogbo èèyàn máa ń bèèrè. Èmi ń wo ìṣó yẹn. Ẹ lọ kan ìṣó mọ́ gíráńáìtì kẹ́ ẹ wò ó: ìṣó á wọ́, òkúta ò ní mira. Ihò ní láti kọ́kọ́ wà ná.

2/ Ohun kan náà ló wà níwájú plọ́mbà àti oníṣẹ́ táìlì ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándó lónìí. Báwo lèèyàn ṣe máa lu ohun tó le ju irin lọ, tí kò sì ní fọ́? Ìdáhùn ẹ̀ ti pẹ́ láyé, àmọ́ owó táìlì ṣì ń ṣòfò lójoojúmọ́ torí pé a ò mọ̀ ọ́n.

3/ Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ní 1812, Friedrich Mohs, ará Jámánì, to òkúta láti 1 dé 10: èyí tó bá lè ha èkejì ló le jù. Bàbà wà ní nǹkan bíi 3, irin lásán ní bíi 4, gíráńáìtì láàárín 6 sí 7. Dáyámọ́ńdì ni 10. Ṣé ẹ rí i pé irin ò lágbára kankan níbẹ̀?

4/ Àmọ́ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ lu gíráńáìtì, bàbà ni wọ́n sì fi lù ú! Flinders Petrie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọn àwọn píramíìdì Giza láàárín 1880 sí 1882, rí àwọn ọ̀pá òkúta roboto tí wọ́n gé jáde látinú ihò. Túùbù tó ṣófo ló gé wọn.

5/ Àṣírí ẹ̀ ni yanrìn. Yanrìn quartz le tó 7. Denys Stocks dán an wò lórí gíráńáìtì ní Aswan: túùbù bàbà, yanrìn, ọrun tó ń yí i síwá-sẹ́yìn. Ihò wọlé. Bàbà kàn ń gbé yanrìn kiri ni, yanrìn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tó wà lẹ́nu bíìtì ló ń gé òkúta, kì í ṣe irin tó gbé e dání.

6/ Kí ló dé tó fi jẹ́ túùbù? Torí pé etí ihò nìkan lo máa lọ̀. Ká ní páìpù mm 110 lo fẹ́ kó kọjá, tí ẹnu bíìtì nípọn mm 4. Ìdá kan nínú méje péré ló máa di ìyẹ̀fun. Àárín á yọ lódindi bí ìgbà tí èèyàn fi agolo gé iṣu sísè.

7/ Tiwa náà ńkọ́? Ní Ìlọrin, ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tó tú ń ṣe làǹtànà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní jasper. Jasper náà ń sún mọ́ 7. Ihò tín-ín-rín gba inú ẹ̀ kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ sán. Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun kún ọjà niṣẹ́ yẹn rẹlẹ̀.

8/ Ní 1863, Rodolphe Leschot gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí bíìtì túùbù tí wọ́n de dáyámọ́ńdì mọ́ lẹ́nu. Èrò Íjíbítì náà ni, àmọ́ yanrìn ti di dáyámọ́ńdì, kò sì ṣí kúrò lójú kan mọ́. Ní nǹkan bíi 1927, Krupp ní Jámánì gbé carbide wá sọ́jà, wọ́n pè é ní Widia, ìyẹn "bíi dáyámọ́ńdì" lédè wọn.

9/ December 1954 ló wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Schenectady, New York, Tracy Hall fi ooru àti agbára ìtẹ̀ ṣe dáyámọ́ńdì. Ohun tó jẹ́ ti ọba di ohun tí plọ́mbà ń gbé sínú báàgì. Ọmọ ìṣẹ́ Ìkòtún ń fi dáyámọ́ńdì ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí o! 😂

10/ Ó yá, èwo lẹ máa mú?
Búlọ́ọ̀kù àti bíríkì: carbide tó. Ẹ lè jẹ́ kí dírílì máa gbá. Ṣùgbọ́n tó bá kan irin inú kọ̀ǹkéré, eyín ẹ̀ á kán.
Kọ̀ǹkéré tó le: dáyámọ́ńdì, kó máa yí nìkan, kó má gbá.
Ẹ má lu òpó tàbí bíìmù láìjẹ́ pé ẹnjiníà rí i. Irin inú ẹ̀ ló gbé ilé dúró.

11/ Táìlì: bíìtì dáyámọ́ńdì tẹ́ẹ́rẹ́, omi, àti sùúrù. Ẹ pa gbígbá dírílì. Ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kó kọ́kọ́ ha ojú táìlì, kẹ́ ẹ tó gbé e dúró. Tó bá ti wọ táìlì kọjá, ẹ pààrọ̀ bíìtì fún búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọ́ ọ nìyẹn: bíìtì kan ni wọ́n fi lu méjèèjì.

12/ Ohun tó máa yà yín lẹ́nu rèé: òkúta tó le gan-an ń fẹ́ bíìtì tí irin tó de dáyámọ́ńdì rọ̀. Irin yẹn gbọ́dọ̀ máa jẹ kí dáyámọ́ńdì tuntun lè yọjú. Tí irin bá le jù, bíìtì á kàn máa dán, kò ní gé. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn wá ń jẹ irin kíákíá, irin tó le ló ń fẹ́.

13/ Omi yẹn kì í ṣe fún bíìtì nìkan o. Eruku búlọ́ọ̀kù àti gíráńáìtì ní silica nínú. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀, kò sì ní oògùn tó lè mú un kúrò. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fi aṣọ bo imú lásán ló ń fara gbá a.

14/ Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ fi owó bíìtì sínú àdéhùn. Plọ́mbà tẹ́ ẹ yọwó títí kò kù fún un ju hámà lọ, hámà náà ló máa gbé wá. Táìlì tó bá sán, ẹ má tíì bú ọwọ́ ẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tó wà lẹ́nu bíìtì ná.

Ẹ tag oníṣẹ́ táìlì yín. 🙏🏾