Pèpéle Pákó ní Amẹ́ríkà: Igi Ògidì tàbí Àpòpọ̀ Igi àti Ike

Ohun tí a ń pè ní pèpéle ní ilẹ̀ Yorùbá ni amọ̀ tí a mọ mọ́ ara ògiri, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí. Pákó ni wọ́n fi ń kan tiwọn. Ẹ̀yìn ilé ni ó sábà máa ń wà, lórí òpó, láìsí òrùlé. Òjò ń pa á, oòrùn ń sá a, òjò dídì sì ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àníyàn àwọn tí ń kàn án ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: kí ni a ó ṣe tí kò fi ní í jẹrà?

Láàárín ọdún 1940 sí 1950, nígbà tí Thomas Church, ayàwòrán ọgbà ní California, ń tẹ́ irú pèpéle bẹ́ẹ̀ yí igi tí ó wà láàyè ká, igi redwood àti kédárì ni ìdáhùn. Ọkàn àwọn igi wọ̀nyí ní èròjà àdánidá tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè jẹrà, gẹ́gẹ́ bí ìrókò ti rí. Ṣùgbọ́n igi tí ó ń gba ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí ó tó dàgbà kò lè kárí gbogbo ilé. Páìnì ìhà gúúsù pọ̀, ó tètè ń dàgbà, owó pọ́ọ́kú ni a sì fi ń rà á. Àbùkù rẹ̀ ni pé ikán àti ọ̀rinrin kì í pẹ́ sọ ọ́ di ìyẹ̀.

Láti Íńdíà ni ojútùú ti wá. Ní ọdún 1933, Sonti Kamesan ṣe àwárí oògùn igi kan tí ó pa bàbà, kúrómíọ̀mù àti ásẹ́níkì pọ̀. A ó to pákó sínú àgbá irin gbọọrọ, a ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì fi agbára ẹ̀rọ ti omi oògùn náà wọ inú igi títí igi yóò fi mu ún yó. Láti nǹkan bí ọdún 1970 lọ ni irú páìnì yìí gba ọjà. Òṣìṣẹ́ lásán lè rà á, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pèpéle ní ọjọ́ ìsinmi.

Májèlé ni ásẹ́níkì, láti ìgbà láéláé ni a sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ó ń jò díẹ̀díẹ̀ wọ ilẹ̀ abẹ́ pèpéle. Ó tún ń mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń rá lórí pákó, ọmọdé a sì máa ki ọwọ́ bọ ẹnu. Kò tilẹ̀ yẹ kí a fi àjákù rẹ̀ dáná, nítorí májèlé náà kì í kúrò nínú eérú. Ní oṣù kejì ọdún 2002, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àyíká kéde pé àwọn tí ń ṣe oògùn náà ti gbà láti fà sẹ́yìn. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2003 ni lílò rẹ̀ fún pákó pèpéle ilé gbígbé dópin. Àwọn tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a kò pàṣẹ pé kí a wó. Oògùn tí ó rọ́pò rẹ̀ kò ní ásẹ́níkì, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jẹ ìṣó lásán, àwọn káfíńtà sì ní láti wá ìṣó tí kì í tètè dípẹtà.

Ìgbà náà ni pákó àpòpọ̀ rí ojú ọ̀nà. Mobil, tí Nàìjíríà mọ̀ fún epo, ti ra iṣẹ́ náà ní ọdún 1992. Ní 1996 àwọn ọ̀gá kan níbẹ̀ yà á sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Trex, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Wọ́n ń yọ́ ọ̀rá àlòkù, wọ́n sì ń po ìyẹ̀ igi tí ayùn tú sílẹ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì sí ìdajì. Ẹni tí ó bá ti rí bí irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jóná dànù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òkòbàbá, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, yóò gbà pé ọgbọ́n ń bẹ nínú èyí. Pákó náà kì í gún ni lẹ́sẹ̀, kò sì béèrè ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ inú rẹ̀, igi ni, ó ń mu omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ bu, àwọ̀ wọn sì ṣí. Nǹkan bí ọdún 2010 ni àwọn tí a fi ike bò lára bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ó máa ń gbóná ju igi lọ fún ẹsẹ̀ lásán, bí ó bá sì ha, ìfági kò ràn án.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù wà lábẹ́. Pákó àpòpọ̀ kò le tó láti ṣe òpó tàbí igi ìdábùú. Bí àwọn igi tí ó gbé e bá jìnnà síra, yóò tẹ̀. Nítorí náà, páìnì olóògùn ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn pèpéle wọ̀nyí. Ẹni tí ó san owó ńlá kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ igi, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Òkè yìí náà sì ni àwọn olùtà máa ń fi han oníbàárà. Nígbà tí pèpéle bá já lulẹ̀ pẹ̀lú èrò lórí, ibi tí ó sábà ti ń já ni ibi tí igi ìdábùú ti so mọ́ ara ilé, níbi tí omi ti rọra wọlé, tàbí tí a ti fi ìṣó nìkan kàn án láìfi nọ́ọ̀tì dè é.