Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni n ó fi yẹ sinimá kan wò lálẹ́ yìí. Fort Apache ni orúkọ rẹ̀. John Ford ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1948.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin á máa bọ̀, fèrè á máa dún, àwọn onílẹ̀ á máa ṣubú, àwa náà á sì máa pàtẹ́wọ́. A kì í béèrè ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀. Fort Apache béèrè rẹ̀.

Nínú ìtàn náà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Thursday, agbéraga ènìyàn, dé sí ibùdó ogun kan ní Arizona. Kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan, nítorí pé sájẹ́ǹtì lásán, ọmọ Ireland, ni bàbá ọmọkùnrin náà. Bí ó ti fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn Apache. Cochise, olórí wọn, rojọ́: aṣojú ìjọba ń ta ọtí líle fún wọn, ó sì ń rẹ́ wọn jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kúrò ní ilẹ̀ tí ìjọba sé wọn mọ́. Thursday kò ka ẹjọ́ náà sí. Kápútẹ́ẹ̀nì York ti ṣèlérí fún Cochise pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni. Thursday sọ ìlérí náà di asán. Ó kó ọmọ ogun wọ àárín àpáta, wọ́n sì kú síbẹ̀.

Ìparí ló dùn mí jù. Àwọn oníwé ìròyìn ń yin àwòrán kan tí a yà nípa ikú akọni Thursday. York mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n nítorí iyì ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, ó ní àwòrán náà tọ̀nà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Ìwé àdéhùn 1868 fi òkè Black Hills sílẹ̀ fún àwọn Lakota. Ní 1874 a rí wúrà níbẹ̀, àdéhùn sì di yẹpẹrẹ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Júùnù 1876, George Custer kọlu àwọn Lakota àti Cheyenne létí odò Little Bighorn. Òun àti ọmọ ogun tó lé ní 200 kú. Ní 1896, ilé-iṣẹ́ bíà kan tẹ àwòrán ikú rẹ̀, ó sì pín in káàkiri ilé ọtí. Wúrà kò sí nínú àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn kò sí níbẹ̀.

Sinimá náà kò wẹ̀ mọ́ pátápátá. Cochise gidi kò ja irú ogun yẹn: ó ṣàdéhùn àlàáfíà ní 1872, ó sì kú ní 1874. Miguel Inclán, ọmọ Mẹ́síkò, ló ṣe Cochise; ògbufọ̀ ló sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 1866 ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n a kò rí wọn nínú sinimá yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí a bá fi àwòrán akọni hàn yín, ẹ béèrè pé: ta ló yà á? Ta ni a kò jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀?

Ó dìgbà kan ná o.