Ta Ló Ń Fún Ilé-iṣẹ́ Ńlá Ní Máàkì?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùyẹ̀wò ìwé owó ti ń wọ ilé-iṣẹ́ lọ́dọọdún láti wo èrè àti gbèsè. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè bí omi tí àwọn aládùúgbò ń mu ṣe rí, tàbí bóyá owó oṣù òṣìṣẹ́ tó jẹun? Lọ́dún 1953, Howard Bowen, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí ojúṣe àwọn oníṣòwò ńlá sí àwùjọ. Inú ìwé náà ló ti dábàá pé kí àwọn tí kì í ṣe ara ilé máa yẹ ojúṣe yìí wò. Milton Friedman, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé bíi tirẹ̀, kò gbà. Lọ́dún 1970, ó kọ ọ́ sínú New York Times pé ojúṣe ilé-iṣẹ́ kò ju kó jèrè láìrú òfin lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní South Africa ló sọ àbá Bowen di iṣẹ́ gidi. Pásítọ̀ Leon Sullivan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí General Motors, gbé ìlànà mẹ́fà kalẹ̀ lọ́dún 1977 fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun jọ máa jẹun níbì kan náà, kí wọ́n sì jọ máa lo ilé ìyàgbẹ́ kan náà. Lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ Arthur D. Little ń gba èsì lọ́wọ́ àwọn tó fọwọ́ sí ìlànà náà, ó sì ń pín wọn sí ọ̀wọ́: àwọn tó ń ṣe dáadáa, àwọn tó ń gbìyànjú, àtàwọn tó yẹ kó tẹra mọ́ ọn sí i. Pẹ̀lú gbogbo máàkì yìí, òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì dúró digbí. Lọ́dún 1987, Sullivan fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kó ẹrù wọn kúrò.

Lọ́dún 1989, ọkọ̀ epo Exxon Valdez rọ́ lu àpáta abẹ́ omi ní Alaska, epo rẹ̀ sì dà sínú òkun. Ọdún náà ni CERES, ẹgbẹ́ tó ń rọ àwọn ilé-iṣẹ́ láti dáàbò bo àyíká, bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì wà lára àwọn tó dá Global Reporting Initiative sílẹ̀ ní Boston lọ́dún 1997. Ìlànà wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2000, ó sì kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa jíhìn iṣẹ́ wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ló ṣì ń kọ ìjíhìn náà fúnra wọn. Yorùbá sì ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ilẹ̀ Ogoni ní Niger Delta, níbi tí epo rọ̀bì ti ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, fi èyí hàn kedere. Ìjọba Nàìjíríà ló bẹ UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé kó wá yẹ ibẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ epo Shell ló sanwó ìwádìí náà. Àwọn olùwádìí fẹsẹ̀ tẹ ibi tó lé ní 200, àwọn ará ìlú tó lé ní 23,000 sì bá wọn jókòó nípàdé. Àbọ̀ wọn jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2011. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá kẹ́míkà benzene tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ nínú kànga tí àwọn ìdílé ń pọn mu, ó sì ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fara mọ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900. Wọ́n tún yẹ ibi 15 wò tí àkọsílẹ̀ Shell ní wọ́n ti fọ̀ mọ́ tán. Nínú mẹ́wàá lára wọn, ìdọ̀tí epo ṣì ju ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ là kalẹ̀. Ní mẹ́jọ, ó ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀. Ìwádìí tó gbọ́ tẹnu ará ìlú, tó sì fojú ara rẹ̀ wo kànga, nìkan ló lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí olùyẹ̀wò láti òde pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà tó. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé ìránṣọ Ali Enterprises ní Karachi, ní Pakistan, gba ìwé ẹ̀rí SA8000, tó wà fún ààbò àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni iná jó o. Irin wà lójú fèrèsé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 250 ló kú.

Òfin ti wá ń dá sí i báyìí. Íńdíà fi òfin ọdún 2013 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ná ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sórí àwùjọ. Ní Nàìjíríà, òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ epo máa ya ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná sórí iṣẹ́ lọ́dún sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n gbọ́ ohun tó nílò. Ó yẹ kí àwọn ìlú wọ̀nyí náà máa fún ilé-iṣẹ́ ní máàkì lọ́dọọdún, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àbọ̀ kan náà tí àwọn onípìn-ín ń kà.